Ta Ni Ó Ń Jẹ Iná Ilé Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọ̀rọ̀ owó iná mànàmáná àti owó gáàsì. Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ti pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mítà? Ẹ ní sùúrù fún wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mísọ̀n wa ní Ìrèsì ni ó kọ́ wa pé owó iná lè sọ ènìyàn di aláìṣòdodo nínú ilé ara rẹ̀, bí kò bá fi ìṣirò ṣe é.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, a ra 80 yúnìtì iná sí orí mítà wa. Bí a ti máa ń ṣe é lóṣooṣù nìyẹn. Àwa àti ìyàwó wa ti fi ẹnu kò pé 80 yúnìtì yóò gbé wa dé ìparí oṣù, bí owó oṣù bá sì wọlé, a ó tún ra òmíràn. Àkókò ọyẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ti gbé ìjọba ìbílẹ̀ Bolúwadúró níhìn-ín rí yóò mọ̀ pé ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa, òtútù ìdájí nígbà ọyẹ́ a sì máa wọ inú egungun. Ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, iná ń wá dáadáa, pàápàá jù lọ lóru. Inú wa dùn, a ń dúpẹ́.

Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, a jókòó ti ìwàásù ọjọ́ kejì. Lójijì, iná lọ. A kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti mú iná lọ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọjú lójú fèrèsé, iná ń tàn yanran ní ilé aládùúgbò wa. A mú tọ́ọ̀ṣì, a lọ wo mítà. Òdo ni ó wà lójú rẹ̀. Oṣù sì ṣẹ́ ku ọjọ́ mẹ́tàlá kó parí.

Inú bí wa. A pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. A bèèrè ẹni tí ó ń fi iná ṣòfò. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ojú wa sì lọ sára ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ni ẹ̀gbọ́n wa fi í sọ́wọ́ wa kí ó lè parí ìwé rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, a ti rí i tí ó ń lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. A kò bèèrè mọ́. A wí pé, “Ìwọ ni! Ìwọ tí o kì í sọ áyọ́ọ̀nù kalẹ̀! Láti òní lọ, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ nínú ilé yìí.” A tún sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹni tí kò mọ bí owó ṣe ń wọlé, èyí tí a kò ní tún kọ síbí.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì.” Ó dìde, ó wọ yàrá lọ nínú òkùnkùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, aṣọ akọrin rẹ̀ rún. Kò lọ jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni ó wà. A rí i láti orí pẹpẹ. Ìfẹ́ ará ni a sì ń wàásù lé lórí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, ìyàwó wa fà wá sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Mélòó ni áyọ́ọ̀nù ọmọ yìí jẹ nínú 80 yúnìtì?”

A ní a kò mọ̀.

Ó ní, “Bí ẹ kò bá mọ iye tí ó jẹ, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé òun ni ó jẹ ẹ́?”

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan kí a tó dá a.

Ìṣirò tí a ṣe

Ní ọjọ́ Ajé, a yá owó díẹ̀ láti ra iná, a sì mú ìwé ìkọ̀wé kan. A ní a ó ka ohun gbogbo tí ń lo iná nínú ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò náà kò le. Lára ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ iye wáàtì rẹ̀ sí, bóyá lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀. Ẹ fi wáàtì náà ṣe ìlọ́po iye wákàtí tí ẹ fi ń lò ó lójúmọ́, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà 1,000. Èsì rẹ̀ ni iye yúnìtì. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúnìtì kan ni. Gílóòbù oníwáàtì 10, bí ó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì ni.

Ohun tí a rí nìyí. Gílóòbù márùn-ún ti inú ilé, oníwáàtì 10, fún wákàtí mẹ́rin: 0.2 lójúmọ́. Fáànù pálọ̀, wáàtì 75, fún wákàtí mẹ́rin lọ́sàn-án: 0.3. Tẹlifíṣọ̀n, wáàtì 80, fún wákàtí mẹ́ta: ó súnmọ́ 0.25. Ti fíríjì kò ṣeé fi wáàtì nìkan mọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́, a sì tún máa dákẹ́. A pa ohun gbogbo ní alẹ́ ọjọ́ kan, a fi fíríjì nìkan sílẹ̀ fún wákàtí méjìlá, a wo mítà ní alẹ́, a sì tún wò ó ní òwúrọ̀. Ó jẹ 0.45. Èyí já sí 0.9 fún ọ̀sán àti òru kan.

A jáde síta. Gílóòbù àtijọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀ fún ààbò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ wáàtì 60. Láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí ni wọ́n ń tàn, nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá. Yúnìtì 1.2 lójúmọ́! Iná ìta méjì ń jẹ ju fíríjì lọ. Ta ni ó fi wọ́n síbẹ̀? Àwa náà ni.

Ó wá ku áyọ́ọ̀nù. Ọmọ yìí ń lọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní Sátidé, fún bí wákàtí kan. Sátidé mẹ́ta ni ó wà láàárín ọjọ́ méjìdínlógún náà. Yúnìtì mẹ́ta péré.

A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọjọ́ méjìdínlógún. Kò tilẹ̀ pé 55. Níbo ni ìyókù lọ? A ń wo ojú ìyàwó wa. Òun náà ń wo ojú wa. Ó wá rọra ní, “Dádì, omi ìwẹ̀ yín ńkọ́?”

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Nítorí òtútù ọyẹ́, a ra irin tí a ń kì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi iná sè omi. Ní ìdájí, tí a bá jí, a ó kì í bọ omi, a ó tan án, a ó sì kúnlẹ̀ gbàdúrà. Àdúrà a sì máa gùn. Kí a tó ṣe àmín, wákàtí kan ti lọ, omi ti ń hó gùdùgùdù, a ó sì tún máa bu omi tútù lé e kí a tó lè wẹ̀. A lọ wo ara irin náà. Wáàtì 1,500. Wákàtí kan lójúmọ́ jẹ́ yúnìtì 1.5. Fún ọjọ́ méjìdínlógún, ó jẹ́ 27.

A ro ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì: omi ìwẹ̀ wa 27, iná ìta 21.6, fíríjì 16.2, gílóòbù inú ilé pẹ̀lú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n 13.5, áyọ́ọ̀nù 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 81.3. Mítà jẹ 80. Ìṣirò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí i rárá.

Omi tí ẹnìkan ṣoṣo fi wẹ̀ jẹ ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tí aṣọ ọmọ náà jẹ. Ìdá kan nínú mẹ́ta iná ilé, ara pásítọ̀ ni ó bá lọ. Iná tí ó sì ń wá dáadáa tí a ń dúpẹ́ sí ni ó jẹ́ kí ó yára tán, nítorí pé bí iná bá ti ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a gbàgbé sórí iná ń jẹ sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, a pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀ níbi tí a ti dójú ti ọmọ náà. A ṣí ìwé ìkọ̀wé náà, a kà á síta. A wí fún un pé, “Àwa ni a jẹ iná náà, a sì fi sí ọ lọ́rùn. Dárí jì wá.” Ó fẹ́ kúnlẹ̀, a ní kí ó dúró. Omi wà lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Dádì.” Kí àgbà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé kò rọrùn ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí a fi kàn án ní gbangba, ìkọ̀kọ̀ kọ́ ni a ó ti gbé e kúrò.

Ohun tí a yí padà

A kò dẹ́kun omi gbígbóná. Ohun tí a ṣe ni pé a wo aago. Omi ìwẹ̀ kò nílò kí ó hó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ó gba bí lítà 15 yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó láti wẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lórí irin bẹ́ẹ̀. Yúnìtì 1.5 di 0.4. A ń dúró tì í báyìí, a sì ń pa á kí a tó gbàdúrà. Ẹ kíyè sí i, irú irin yìí léwu. Ẹ kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ omi láti wò ó bí ó bá ti gbóná nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ pa súìṣì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ná. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn.

A yọ gílóòbù àtijọ́ méjì ti ìta, a fi oníwáàtì 10 sípò wọn. Yúnìtì 1.2 di 0.2. Àpapọ̀ iná ilé wa tí ó jẹ́ bí 4.5 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá di bí 2.4. Bí a bá pín 80 sí 2.4, ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Oṣù tí ó tẹ̀lé e, 80 náà gbé wa dé ìparí oṣù. Kò sí ẹni tí a bá jà.

Ẹ tún lè bi mítà fúnra rẹ̀ léèrè. Lójú ọ̀pọ̀ mítà ni iná pupa kékeré kan wà tí ń ṣẹ́jú. Nọ́mbà kan wà lára mítà tí ó ń sọ iye ìgbà tí yóò ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó lọ. Bí ó bá jẹ́ 1,000, áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 yóò mú un ṣẹ́jú nǹkan bí ìgbà 17 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pa ohun gbogbo nínú ilé, kí ẹ wá wò ó. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó lè jẹ́ pé ohun kan ṣì wà lórí iná tí ẹ kò rántí, tàbí kí wáyà kan máa jò. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú u.

Ìdí tí a kò fi mọ̀ ọ́n kà

Àwa tí a ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, inú ayé NEPA ni a dàgbà sí. Ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Ó di PHCN ní 2005. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ iná pínpín lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìwé owó iná ni a ń rí lẹ́yìn tí a bá ti lo iná tán. Bí owó náà bá pọ̀, a ó kùn; bí ó bá kéré, a ó dákẹ́. Kò sí èyí tí ó mú wa jókòó ṣe ìṣirò. Mítà àsansílẹ̀ ni ó sọ wá di olùṣirò ní tipátipá, nítorí pé owó ni a kọ́kọ́ ń san.

Ọ̀wọ́n sì ti dé. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn tí ń lo iná sí ọ̀nà márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí wọ́n ń rí iná: Band A ni ẹni tí ó yẹ kí ó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúnìtì kan fún Band A gòkè sí 225 náírà. Ẹ gbé omi ìwẹ̀ wa lé ìyẹn: yúnìtì 27 ní 225 náírà jẹ́ 6,075 náírà. Ẹni tí ó wà ní Band míràn yóò san iye tí ó kéré sí i. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olórí ilé mọ̀ ni Band tí òun wà àti iye yúnìtì kan. Ẹ wo ìwé tókìn yín. Nínú gbogbo 1,000 náírà tí ẹ san, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 náírà tí ó jẹ́ owó orí ọjà, èyí tí a ń pè ní VAT. Bí gbèsè bá wà nílẹ̀, wọ́n lè yọ díẹ̀ lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyókù ni ó di yúnìtì. Ẹ má ṣe máa wo owó tí ẹ san nìkan. Yúnìtì ni kí ẹ máa kà.

Ẹni tí kò ní mítà ńkọ́? Òun gan-an ni ó nílò ìwé ìkọ̀wé yìí jù lọ, nítorí pé àfojúdá ni wọ́n fi ń kọ owó tirẹ̀. Kí ó ka ohun èlò ilé rẹ̀ bí a ti kà tiwa, kí ó sì mọ iye yúnìtì tí ó lè lò lóṣù. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àjọ NERC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná pàṣẹ pé kí ààlà wà fún iye tí a lè kọ fún ẹni tí kò ní mítà. Bí ohun tí wọ́n kọ fún yín bá kọjá ìṣirò yín, ẹ má lọ bá ẹni tí ó mú ìwé wá jà. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná, ẹ so ìṣirò yín mọ́ ọn, ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ NERC. Ẹni tí ó mú ìṣirò lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo mítà kan pọ̀ pẹ̀lú ayálégbé míràn, ìjà yín a máa dé etígbọ̀ọ́ wa. Ẹni tí ó ní gílóòbù àti rédíò nìkan ń san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ní fírísà. Ẹ ka ohun èlò kálukú. Bí ti ẹnìkan bá jẹ́ yúnìtì kan lójúmọ́, tí ti ẹnìkejì sì jẹ́ mẹ́ta, tí ẹ fẹ́ ra iná 8,000 náírà, kí ẹni àkọ́kọ́ mú 2,000 wá, kí ẹnìkejì mú 6,000. Ìyẹn ni òdodo.

Kàlẹ́ńdà ìyàwó wa

Lẹ́yìn tí a ti kọ́gbọ́n nípa iná, a rí i pé ìyàwó wa ti ń ṣe irú ìṣirò yìí nípa gáàsì tipẹ́tipẹ́, tí a kò mọ̀. Lára kàlẹ́ńdà ìjọ tí ó fi kọ́ ilé ìdáná, ó ń fa ìlà yí ọjọ́ tí a bá rọ gáàsì ká. Sìlíńdà kílò 12.5 a máa tó wa fún ọjọ́ 50. Ó ti pín in: kílò kan jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin. Bí a bá sọ fún un pé kílò kan jẹ́ iye báyìí, ó ti mọ iye tí yóò máa fi pamọ́ lọ́sẹ̀. Ní ọdún 2024, kílò gáàsì kan kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí kò fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kò lè rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìgbà kan, gáàsì tán ní ọjọ́ 38. Ẹ wò ó, bí kò bá ní kàlẹ́ńdà, yóò sọ pé ọmọ ni ó ń fi gáàsì ṣeré, bí àwa ti sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọjọ́ méjìlá ti sọnù, ìyẹn kílò mẹ́ta, oúnjẹ tí ó sè kò sì pọ̀ sí i. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi kan ẹnu ibi tí rọ́bà gbé so mọ́ orí sìlíńdà. Ìfófòó yọ. Gáàsì ti ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé ìta, lẹ́yìn ògiri, ni sìlíńdà wa wà, atẹ́gùn ń gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ó ti orí rẹ̀ pa, a pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, a sì pààrọ̀ rọ́bà náà. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni sìlíńdà wà, a kì bá tí máa sọ ọ̀rọ̀ owó níhìn-ín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ dán an wò, ẹ má fi ìṣáná dán an wò láé. Òórùn tí a ń gbọ́ lára gáàsì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni kí a lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Gáàsì sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó máa ń rọ̀gbọ̀kú sí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ilé, ẹ ti orí sìlíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má ṣe fọwọ́ kan súìṣì kankan, kí ẹ sì jáde.

Nígbà tí ẹ bá lọ rọ gáàsì, bóyá níbí tàbí ní Ìkìrun, ẹ wo ọrùn sìlíńdà. Wọ́n ti lu ìwọ̀n sìlíńdà náà lófìfo sí i lára. Bí ó bá ti tán pátápátá kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ ro kílò tí ẹ san owó rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n òfìfo yẹn. Ohun tí òṣùwọ̀n gbọdọ̀ kọ nìyẹn. Nínú ilé ìdáná, ẹ rẹ ẹ̀wà kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò, ẹ sì dín iná kù bí ó bá ti hó. Iná gáàsì tí ó dára, àwọ̀ ojú ọ̀run ni ó máa ń ní. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí ó sì ń dú ìdí ìkòkò, ẹ fọ ojú sítóòfù.

Àwọn kan ń bèèrè bóyá iná ni ó dára kí a fi sè omi tàbí gáàsì. Kílò gáàsì kan ní ooru tí ó tó bí yúnìtì 13 nínú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ a máa bá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ. Ẹ ka ohun tí ó kù sí yúnìtì 6.5. Bí kílò bá jẹ́ 1,200 náírà, ooru yúnìtì kan láti ara gáàsì jẹ́ bí 185 náírà. Níbi tí yúnìtì iná bá ti jẹ́ 225 náírà, gáàsì rọrùn jù. Níbi tí ó bá jẹ́ 70 náírà, iná ni ó rọrùn jù. Ẹ fi iye ti àdúgbò yín sí i, ẹ ó rí ìdáhùn.

Ẹ jókòó, kí ẹ kà á

Nínú ìwé Lúùkù orí 14, Olúwa wa sọ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. A ti wàásù lórí ibẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, a kò sì ronú pé ó kan bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wa. Àwọn wúńdíá mẹ́wàá tí a kà nípa wọn nínú Mátíù orí 25, òróró fìtílà ni ó ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó mọ̀ pé òróró òun lè tán ni ó gbé àfikún dání.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni olórí ohun tí a rí kọ́. Ohun tí a kò kà, ẹnìkan ni a máa ń dì í rù. Ọkọ yóò sọ pé ìyàwó ni. Ìyàwó yóò sọ pé ọmọ ni. Gbogbo ilé yóò sì sọ pé ọmọ tí kì í ṣe ọmọ bíbí ilé ni. Ẹni tí kò ní ẹnu nínú ilé ni ẹ̀bi máa ń kọ́kọ́ bá. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ kíyè sí èyí. Kí ẹ tó nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ mú ìwé, ẹ mú bírò, ẹ lọ wo mítà. Kí ẹ sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni ó ń tọ́jú ìwé ìkọ̀wé náà báyìí. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, tí ó bá lọ aṣọ rẹ̀ tán, yóò wo mítà, yóò kọ iye tí ó kù, yóò sì ka ọjọ́ tí ó kù nínú oṣù. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ó wá bá wa ní yàrá ìwé wa. Ó ní, “Dádì, a ti fi díẹ̀ kọjá ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin àti Mọ́mì ni ẹ wo tẹlifíṣọ̀n pẹ́ ní Ọjọ́bọ̀.” A wo ìwé náà. Òótọ́ ni. A bẹ̀ ẹ́.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ipò ilé wa, kí ó sì fi àlàáfíà sí i. Àmín.